Ìdérí Irin Lórí Kànga Sàráà

Nígbà tí Kòrónà dé, wọ́n ní kí oníkálukú jókòó sílé. Mo rò pé ẹni tó ṣe òfin yẹn kò tíì wọ agboolé kankan rí ní Ìlọrin àtijọ́. Ní agboolé tí wọ́n ti bí bàbá mi, kò sóhun tó ń jẹ́ inú ilé àfi nígbà tí èèyàn bá ń sùn tàbí tí òjò bá ń rọ̀. Àgbàlá la ti ń dáná, àgbàlá la ti ń fọṣọ, àgbàlá la ti ń jà, ibẹ̀ náà la sì ti ń parí ìjà. Bí wọ́n bá ní kí o jókòó sílé kí o sì jìnnà sí ẹnìkejì rẹ, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí o gun orí òrùlé.

Èmi ò gun òrùlé kankan. Àdúgbò Adéwọlé ni mò ń gbé, nínú ilé tó ní géètì, tó ní kànga ẹlẹ́rọ lẹ́yìnkùlé, tó sì ní yàrá kan tí mo lè wọ̀ lọ láti máa kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn nípa ìyà tó ń jẹ aráàlú. Ní àkókò kónílé-ó-gbélé, àwọn aládùúgbò mi máa ń jáde ní ìrọ̀lẹ́ láti fi ọṣẹ fọ mọ́tò tí kò lọ síbì kankan. Omi á máa ṣàn lọ sínú gọ́tà. Èmi náà fọ tèmi.

Ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá àgbà, kọ̀ láti wá bá mi gbé. Ó ní òun ò lè gbé níbi tí èèyàn ti lè kú tí aládùúgbò ò ní mọ̀ àfi tó bá ń rùn. Ó jókòó sí agboolé rẹ̀, létí kànga.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ kànga yìí dáadáa, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Baba ńlá wa kan ló gbẹ́ ẹ, ó sì fi ṣe sàráà fún ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ó ní ẹnikẹ́ni tí òùngbẹ bá ń gbẹ kó wá mu níbẹ̀, kí ẹ̀san rẹ̀ sì máa lọ bá ìyá òun nínú sàréè. Ìdí nìyí tí a kì í fi pè é ní kànga wa. Ẹni tó bá fa ìfami àkọ́kọ́ jáde gbọ́dọ̀ sọ pé, “Kí Ọlọ́hun kẹ́ ìyá oníkànga,” kó tó da omi náà sínú ohunkóhun. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ obìnrin náà mọ́. Àwọn ayálégbé tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, náà máa ń ṣe àdúà yìí, wọ́n á sì fi “lórúkọ Jésù” tì í lẹ́yìn. Ìyá oníkànga ò ráhùn sí ẹnikẹ́ni rí.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kànga àwọn agboolé yòókù bá ti di ẹrẹ̀, tiwa kì í gbẹ. Gbogbo àdúgbò ló ń wá síbẹ̀. Páànù kan la fi ń dé e nítorí ọmọdé àti adìyẹ, kò sì sẹ́ni tó tì í rí.

Kòrónà kò pẹ́ tó dé tí wọ́n fi dá ìgbìmọ̀ adènà-àrùn sílẹ̀ ládùúgbò, tí ọmọ agboolé wa kan sì di alága. Ọmọ àbúrò ọkọ Ìyá àgbà ni. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, “ọkọ mi” ni Ìyá àgbà máa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń nu ikun imú rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ọ̀gá ni Alága nínú iṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà, ilé ìwé kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò tíì rí géètì rẹ̀ fi oyè Dókítà dá a lọ́lá. Nígbà tí àrùn dé, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mú ikọ́ wọn wá fún un torí oyè yẹn. Kò lé wọn padà. Á fi ìka tẹ ọrùn wọn díẹ̀, á mi orí, á ní kí wọ́n máa mu omi gbígbóná. Adéwọlé ni òun náà ń gbé, ilé rẹ̀ ò jìnnà sí tèmi. Kànga ẹlẹ́rọ tirẹ̀ tóbi ju tèmi lọ.

Korobá ló kọ́kọ́ pín, àwọn korobá oníke tó ní ẹnu ẹ̀rọ níwájú. Ó lẹ àwòrán ara rẹ̀ mọ́ ọn. Nínú àwòrán náà ó lo ìbòmú, fìlà rẹ̀ nìkan la fi dá a mọ̀. Ó wá fúnra rẹ̀ láti kọ́ àwọn obìnrin agboolé bí wọ́n ṣe ń fọwọ́, ó sì ní kí Ìyá àgbà, tó ti ń ṣe àlùwàlá kí wọ́n tó bí Alága, bọ́ síwájú.

“Ìyá, ẹ fi ọṣẹ pa á báyìí. Ẹ fi ìka bọ àárín ìka.”

“Ṣé n ó fi omi yọ ẹnu?”

“Rárá, Ìyá. Ọwọ́ nìkan.”

“Ẹsẹ̀ ńkọ́?”

“Ọwọ́ nìkan, Ìyá.”

Ìyá àgbà gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ọkọ mi, àlùwàlá ìjọba mà kúrú o.”

Bí ó bá jẹ́ pé korobá nìkan ni, a ò bá rẹ́rìn-ín kọjá. Àmọ́ nígbà tó padà wá, ìdérí irin ló gbé bọ̀. Wọ́n kun ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n so àgádágodo ńlá mọ́ ọn, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé Alága ló fi ta àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́rẹ. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì gbá férémù rẹ̀ mọ́ ẹnu kànga. Ó ní èrò ti ń pọ̀ jù níbẹ̀, pé ibẹ̀ ni àrùn yóò gbà wọlé. Láti ọjọ́ náà lọ, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni kànga yóò máa ṣí, àbúrò rẹ̀ ni yóò máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́, ọmọ onílé nìkan ni yóò sì máa pọn ọ́n. Kí àwọn ayálégbé wá omi síbòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní korobá ìfọwọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn gbogbo, tí omi tí a ó rọ sínú rẹ̀ sì wà lábẹ́ àgádágodo. Ìyá àgbà da èlùbọ́ sínú tirẹ̀. Ó ní ẹnu ẹ̀rọ náà kò wúlò fún èlùbọ́, ṣùgbọ́n ìdérí rẹ̀ dára.

Ìyá oníwàrà ni ìdérí irin yẹn kọ́kọ́ bà. Fúlàní ni, ó ń gbé yàrá kan nínú ilé tó wà lẹ́yìn agboolé wa, ọ̀rẹ́ Ìyá àgbà sì ni láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú igbó jíjìn níbi tí wọ́n ti ń da màlúù, fóònù ò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti kékeré ló ti ní ikọ́ fée. Gbogbo ọjà Ìpàta ló mọ ikọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ ìpolówó rẹ̀: yóò ké “wàrà rè é,” yóò wúkọ́ díẹ̀, yóò sì máa lọ. Nígbà tí Kòrónà dé, ikọ́ tí wọ́n ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá di ẹ̀ṣẹ̀. Bó bá wúkọ́, àwọn tó jókòó tì í á dìde. Àwọn kan ní kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò, wọn ò sì sọ ibi tí yóò lọ. Wàrà kì í dúró de ọjà, ó ń bà jẹ́ ni. Nígbà tó bá sì tà á tà á tí kò tà tán, omi ló tún kàn án láti wá. Ẹnu ẹ̀rọ kan tó wà létí títì ńlá ló ń lọ, kọjá gbogbo kànga tó ti gbẹ, yóò gbé korobá sórí, yóò dúró ní kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ kí èémí lè wọlé.

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi tirẹ̀ pamọ́ fún un ní ìrọ̀lẹ́. Alága gbọ́, ó wá lọ́jọ́ tí èmi náà wá kí Ìyá àgbà.

“Ìyá, òfin ni òfin. Bí a bá fún ayálégbé kan, gbogbo wọn ni yóò wá.”

“Ìdí tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ nìyẹn, ọkọ mi. Kí gbogbo wọn lè wá.”

“Ìgbà yẹn yàtọ̀ sí ìgbà yìí.”

“Láti ìgbà tí o ti ti kànga yìí, ta ló ń tọrọ ìkẹ́ fún ìyá oníkànga? Àwa díẹ̀ tí o fún láyè. Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń ṣàdúà fún, o ti sọ ọ́ di òtòṣì nínú sàréè.”

Alága wo ojú mi. Ó fẹ́ kí èmi tí mo kàwé ràn án lọ́wọ́ láti rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Ó tó àkókò kan, wọ́n ṣí Ìpàta. Wọ́n ṣí mọ́sáláṣí, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ òfuurufú ń lọ ó ń bọ̀. Ìbòmú di ohun tí wọ́n ń so mọ́ iwájú mọ́tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí ìpolongo ìbò dé, mo rí Alága fúnra rẹ̀ ní oríta Post Office nínú èrò tí òógùn ẹnìkan ti ń kán sí ẹnìkejì lára, ó ń jó, ó ń ki àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdérí irin ṣì wà lórí kànga. Bí a bá bi í, á ní àrùn náà ò tíì lọ. Kòrónà ti kúrò ní ọjà, ó ti kúrò ní pápákọ̀ òfuurufú, inú kànga agboolé wa nìkan ló fẹ̀yìn tì sí. Lẹ́yìn náà ni àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé kó tó ṣí i fún wọn. Owó ìtọ́jú ìdérí ni wọ́n pè é. Ìdérí tí kì í jẹ, tí kì í mu, ló ń gba owó ìtọ́jú. Ìyá oníwàrà ò ní owó náà. Ó ṣì ń lọ sí títì ńlá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, Ìyá àgbà pè mí lórí fóònù. Kò kí mi.

“Ìyá oníwàrà ti kú. Korobá ló ń gbé bọ̀ tó fi ṣubú. Máa bọ̀.”

Nígbà tí mo fi máa dé, wọ́n ti tẹ́ ẹ sí yàrá rẹ̀. Ní Ìlọrin, òkú kì í sùn sílẹ̀ di ọ̀la bí kò bá sí ohun tó dí i lọ́wọ́. Wọ́n ti ń gbẹ́ sàréè, wọ́n ti ra aṣọ funfun. Omi ìwẹ̀ nìkan ló kù. Àgádágodo sì wà lórí kànga, nítorí Alága ti rin ìrìn àjò lọ sí Àbújá, ó sì mú àbúrò rẹ̀ lọ. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò àbúrò. Omi àná ni gbogbo agboolé ń fi ìṣọ́ra lò.

Mo ní kí n lọ fi mọ́tò mi gbé omi wá láti Adéwọlé. Àwọn kan ní kí ọmọdé sáré lọ sí ẹnu ẹ̀rọ tó wà ní títì. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ sókè.

“Omi títì ńlá ló pa á. Ṣé òun náà la ó tún fi wẹ̀ ẹ́? Ẹ̀yìn agboolé wa ni obìnrin yìí ń gbé, kànga sàráà ló sì yẹ kó ti mu. Bí kò mu ún láàyè, a ó fi wẹ̀ ẹ́ lókùú. Akọ̀wé, pe ọkọ mi fún mi.”

Mo pe Alága, mo jẹ́ kí ohùn fóònù jáde síta. Ariwo ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan ń fi gbohùngbohùn sọ̀rọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, mo wà nínú ìpàdé,” ló sọ.

“Ìpàdé kí ni, ọkọ mi?”

“Ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ omi, Ìyá. Bí omi tó mọ́ yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ gbogbo mẹ̀kúnnù.”

Ìyá àgbà sọ fún un pé òkú wà nílẹ̀, pé ó ń dúró de omi.

“Inná lílláhì,” ni Alága wí. “Ọ̀la la ó dé. Ìyá, ẹ ò ṣe ra píọ̀ wọ́tà? Ẹ ra àpò bíi mélòó kan, ẹ fi wẹ̀ ẹ́. Ó mọ́ ju ti kànga lọ.”

“Píọ̀ wọ́tà,” ni Ìyá àgbà wí. “Ta ni yóò fi eyín já ọ̀rá rẹ̀? Àwa, tàbí òkú?”

Ó fi ọwọ́ sọ fún mi pé kí n pa fóònù. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn obìnrin tó dúró káàkiri. “Ẹ lọ mú ọmọ odó wá.”

Àwọn obìnrin mú ọmọ odó jáde. Èrò àkọ́kọ́ ni pé ká lu àgádágodo náà títí yóò fi já, ṣùgbọ́n ojúlówó ni, kò mì. Ìgbà náà ni ìyàwó kan nínú agboolé, tí ọmọ rẹ̀ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, tẹ orí ọmọ odó mọ́ ìdí férémù, níbi tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì gbá a mọ́ kànga. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Sìmẹ́ńtì náà dà sílẹ̀ bí gúgúrú.

A wo ara wa. Yanrìn lásán ni. Ẹni tó gba iṣẹ́ ìdérí náà ti jẹ sìmẹ́ńtì rẹ̀, ó fi díẹ̀ kun ojú yanrìn kó lè dára nínú àwòrán. Mo ti kọ àpilẹ̀kọ púpọ̀ bú àwọn agbaṣẹ́ṣe Nàìjíríà. Lọ́jọ́ náà, mo ṣàdúà fún ọ̀kan nínú wọn.

“Ẹ rí i?” ni Ìyá àgbà wí. “Olè kì í ti ilẹ̀kùn dáadáa. Ẹ gbé e!”

A yí i ká, a ki ọwọ́ bọ abẹ́ férémù, a gbé e. Ó wúwo, ó ń ké bó ṣe ń fà mọ́ ẹnu kànga, ẹnìkan ń pariwo pé ká má jẹ́ kó jábọ́ sínú omi. A gbé e lọ fi ti ògiri, pẹ̀lú férémù rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó fi ta wá lọ́rẹ, pẹ̀lú àgádágodo rẹ̀ tó wà ní títì pinpin. Ìyá àgbà ló fa ìfami àkọ́kọ́. A wẹ ìyá oníwàrà pẹ̀lú omi tó pọ̀, omi tó tutù, a ò fi ṣahun. Wọ́n sin ín kí wọ́n tó kírun Àílà ọ̀sán.

Alága dé lọ́jọ́ kejì, ó sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé pẹ̀lú ìbòmú, ohun tí a ò rí lójú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà ìbò.

“Ta ló já àgádágodo mi?”

“Ọkọ mi, káàbọ̀. O kú ìpàdé omi.”

“Ìyá, mo ní ta ló já a?”

“Kò sẹ́ni tó já a. Wò ó níbẹ̀ yẹn.” Ìyá àgbà fi ẹnu júwe ògiri. “Bí o ṣe tì í náà ló wà. A ò fọwọ́ kàn án. Kànga nìkan la yọ kúrò lábẹ́ rẹ̀.”

Ẹ̀rín bú. Alága dúró kó lè parẹ́, kò parẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ìlera gbogboògbò, pé ẹ̀yà àrùn tuntun ti jáde ní òkè òkun.

“Ẹ̀yà tuntun yẹn,” ni ìyàwó tó tẹ ọmọ odó wí, “ṣé kì í lọ sí ìpolongo ìbò ni?”

Alága yíjú sí mi. “Ìwọ tó kàwé, ṣé o ò lè là wọ́n lọ́yẹ ni? Ìwọ fúnra rẹ mọ ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ.”

“Alága, mo là wọ́n lọ́yẹ,” ni mo wí. “Èmi ni mo di ìdérí yín mú lápá òsì.”

Ó ní kò burú. Ó ní ọ̀la ni wẹ́dà yóò wá, pé lọ́tẹ̀ yìí irin ni wọ́n yóò jó mọ́ irin, kò ní sí yanrìn níbẹ̀.

Wẹ́dà wá lóòótọ́, ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Ohun tó bá létí kànga ni èrò. Ìyá àgbà ti ránṣẹ́ sí gbogbo ilé tó wà lẹ́yìn wa, ó sì ní àwọn ayálégbé ni kó ṣáájú. Bí ìfami kan bá ṣe ń jáde ni òmíràn ń wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí wọ́n ṣe lè dé kànga tí okùn wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìkòkò kún, a da omi sí bàsíà. Nígbà tí bàsíà kún, a bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ. Nígbà tí aṣọ tán, a bẹ̀rẹ̀ sí í fọ èyí tó mọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá,” ni wẹ́dà wí, “ìgbà wo lẹ máa fà á tán?”

“Ìgbà tó bá tán,” ni wọ́n dá a lóhùn.

“Ṣé ó máa ń tán?”

“A ò tíì rí i kó tán rí. Jókòó.”

Ó jókòó. Wọ́n fún un ní omi, wọ́n fún un ní oúnjẹ. Alága pè é lórí fóònù títí, wẹ́dà ń sọ fún un pé “wọ́n ṣì ń fà á, sà.” Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó kó ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ. Alága kò rán an wá mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń ro ìbò tó ń bọ̀ àti àwòrán tí wọn ì bá yà bí wọ́n bá fi ọlọ́pàá wọ́ ìyá arúgbó kúrò létí kànga sàráà. Àwọn ayálégbé wá bẹ ìdérí náà, wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn ọgbà ewúrẹ́. Ewúrẹ́ wọn nìkan ni ewúrẹ́ tí wọ́n fi àgádágodo Alága tì mọ́lé.

Kì í ṣe pé a fojú di àrùn. A ń da oògùn sínú kànga náà, páànù sì ń dé e. Ẹni tó bá ń wúkọ́, a kì í lé e, a máa ń bá a gbé korobá rẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ pé ikú ìyá oníwàrà ló kọ́ wa ní èyí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Alága tún fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ní wọ́n ń sọ pé onígbáméjì ń bọ̀ pẹ̀lú òjò, pé ó yẹ kí ìgbìmọ̀ tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ kànga, pé òun fúnra òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Àlàmísì. Mo mú un lọ fún Ìyá àgbà, mo fi sí i létí. Ó gbọ́ ọ dópin, ó sì ní kí n tún un fi sí i, nítorí ó fẹ́ràn ibi tí Alága ti ń sọ pé òun nífẹ̀ẹ́ àwọn èèyàn òun.

“Kí ni kí n sọ fún un?” ni mo bi í.

“Sọ fún un pé kó máa bọ̀,” ni Ìyá àgbà wí. “Kó mú ìfami tirẹ̀ dání. Kó sì tò sẹ́yìn àwọn ayálégbé.”